Frankfurt sí Milan gba orí òkè Swítsàlandì: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àpótí mẹ́rin yẹn

Bàbá kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Èmi àtìyàwó mi fẹ́ lọ kí ọmọ wa obìnrin ní Frankfurt lóṣù kẹfà, a ó lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, ká tó wá lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Milan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi rí rélùwéè pupa kan lórí fóònù tó ń gba àárín òkè yìnyín ní Swítsàlandì, kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́, ó ní òun la máa wọ̀. A máa ní àpótí ńlá mẹ́rin. Orúnkún rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ṣé ká sùn ní Zürich lálẹ́ ọjọ́ kan ni àbí ká lọ tààrà? Tíkẹ́ẹ̀tì wo la máa rà?"

Bàbá, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o, ẹ bá mi kí màmá dáadáa, ohun tí wọ́n rí yẹn, wọn ò rí i tì. Ó ṣeé ṣe, kò tiẹ̀ le tó bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n kí n tó fẹnu ba tíkẹ́ẹ̀tì rárá ẹ jẹ́ ká yanjú àpótí mẹ́rin yẹn, torí òun ló máa sọ bóyá ẹ máa gbádùn ọ̀nà yìí àbí ẹ máa làágùn dé Milan.

Ẹ ẹ̀ rí i, Èkìtì ò ní rélùwéè. Nígbà táwọn òyìnbó ń la irin láti Èkó gòkè lọ sí Kánò, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni wọ́n gbà, wọ́n yà wá sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ro rélùwéè bíi mọ́tò gáréèjì, pé ẹ ó dúró, àwọn ọmọ á bá yín ju ẹrù sí bùùtù, dírẹ́bà á sì dúró dè yín. Lọ́hùn-ún kò sẹ́ni tó ń wọn kílò lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé ẹ san owó àléékún, ṣùgbọ́n ẹni tó lẹrù ló ń gbé e. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá àyè fún un ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tàbí sórí pẹpẹ tó wà lókè orí yín, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kéékèèké ọkọ̀ lè má dúró ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Láti Frankfurt dé Milan ẹ máa wọ ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí mẹ́rin tó jẹ́ kílò mẹ́tàlélógún ìkọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì, orúnkún kan tó ń dùn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tó bá wá bá mi nìyí: gbogbo ẹrù ńlá, Frankfurt ni kó parí ìrìn àjò tiẹ̀ sí. Ọmọ yín ló ni oúnjẹ àti aṣọ tẹ́ ẹ kó wá, kó gbà á. Kí ẹ̀yin méjèèjì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré onítáyà kọ̀ọ̀kan, èyí tí màmá lè fi ọwọ́ kan gbé gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láì pe ẹnikẹ́ni, àti báàgì ẹ̀yìn kan. Ẹ dán an wò nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kẹ́rù sínú ẹ̀ tán, kí màmá gbé e gun àtẹ̀gùn ilé yín. Bí wọ́n bá mí hẹlẹ, ẹ yọ nǹkan kúrò.

Tàbúrò ìyàwó yín ní Milan ńkọ́? Kí ọmọ yín fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láti Jámánì. Jámánì àti Ítálì jọ wà nínú European Union, ẹrù tó bá lọ láti ọ̀kan sí èkejì ò ní bá kọ́sítọ́ọ̀mù pàdé. Swítsàlandì ni ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó ní kọ́sítọ́ọ̀mù tiẹ̀, tí ọjà tí èèyàn kan gbé bá ti ju 150 fràǹkì lọ ó yẹ kó sọ fún wọn kó sì sanwó lé e. Àwọn kan máa ń di àǹkárá àti léèsì jọ bí ẹni tó ń lọ ọjà Ọba l'Ádó, wọ́n á gbé e gba Basel, ìlú Swítsàlandì tó wà lẹ́nu ààlà Jámánì, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ títí wọ́n á fi kọjá. Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà nìyẹn, kí n má gbàgbé. Ẹran àti wàrà àti ohunkóhun tí wọ́n fi wọ́n ṣe ò gbọ́dọ̀ bá yín wọ Jámánì láti Nàìjíríà, ìyẹn ni pé pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, kílíṣí, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kàn gbà á dànù ni, wọ́n tún lè bu owó ìtanràn lé yín. Ẹja gbígbẹ, wọ́n gbà á láyè, tó bá ti jẹ́ fún jíjẹ yín tí ò sì ju ogún kílò lọ. Iṣu tútù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọmọ Èkìtì láti lọ kí ọmọ láìgbé iṣu dání, ṣùgbọ́n láti ìparí 2019 ohun ọ̀gbìn tútù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí látọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò nílé ká tó lè gbé e wọ ibẹ̀, àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn àti àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé èlùbọ́, ẹ gbé gaàrí, ẹ gbé iyẹ̀fun iyán tí wọ́n ti lọ̀, ọmọ á rò ó jẹ ẹ́. Kò ní dà bí èyí tí wọ́n gún, a mọ̀, kó ṣáà fọwọ́ mú un bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Èmi ò fọwọ́ sí Zürich. Kì í ṣe pé ìlú náà ò dáa, ó wọ́n lójú ni, kò sì bá ètò yín mu. Ibi tí rélùwéè pupa yẹn ti ń gbéra ni Chur, ìlú kékeré kan tó fi bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìnnà sí Zürich. Bẹ́ ẹ bá sùn ní Zürich, àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ṣì máa kọ́kọ́ wá ọkọ̀ dé Chur, ẹ máa sáré, wọ́n á ní ẹ má pẹ́. Bẹ́ ẹ bá sùn ní Chur, ẹ máa jí, ẹ máa jẹun, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbùdókọ̀. Ìdí kejì ló ṣe pàtàkì jù: ọkọ̀ Jámánì máa ń pẹ́ gan-an lásìkò yìí, gbogbo ayé ló mọ̀, ó tiẹ̀ ti sú àwọn ará Swítsàlandì débi pé tí ọkọ̀ Jámánì bá ti pẹ́ jù, Basel ni wọ́n máa ń dá a dúró sí, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ wọ tiwọn. Torí náà ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Jámánì jẹ́ ọjọ́ tiẹ̀, kí ọjọ́ òkè jẹ́ ọjọ́ tiẹ̀. Ọkọ̀ ì báà pẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní nǹkan tó máa bà jẹ́, ẹ ṣáà máa dé Chur, ẹ sùn.

Frankfurt sí Basel tó bíi wákàtí mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ dé Chur lè tó wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà. Àwọn ọkọ̀ kan ń lọ tààrà kọjá Basel, àwọn mìíràn ẹ máa pààrọ̀ níbẹ̀ tàbí ní Zürich. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yan ọkọ̀ lórí áàpù, tó bá fún yín ní ìṣẹ́jú méje láti pààrọ̀, ẹ má gbà á, ẹ wá èyí tó fún yín ní ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan. Ìṣẹ́jú méje yẹn, fún ọmọ ogún ọdún tí kò gbé nǹkan ni. Láti Zürich ẹ jókòó sápá òsì, adágún méjì lẹ máa rí, ti Zürich fúnra ẹ̀ àti Walensee tí àwọn òkè gíga dúró sí etí ẹ̀ gbọnrangandan, màmá lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò látibẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì Frankfurt sí Chur, ẹ rà á pọ̀ sójú kan, ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ pé ẹ fẹ́ fi yúrò díẹ̀ pa mọ́. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan, bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ tẹ́ ẹ fi pàdánù èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ nínú ọkọ̀ mìíràn láìgba kọ́bọ̀, bẹ́ ẹ bá sì pẹ́ tó wákàtí kan ẹ lè béèrè ìdá mẹ́rin owó yín padà, wákàtí méjì ìlàjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gé e sí méjì, oníkálukú á sọ pé ọ̀rọ̀ ò kan òun. Èyí tó pọ̀ jù nínú tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ní Jámánì so mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ yàn, ẹ ò lè wọ òmíràn tó bá wù yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní Super Sparpreis ò ṣeé dá padà rárá, torí náà ẹ má fọwọ́ kàn án kí físà tó jáde. Mo ń tún un sọ o, kí físà tó jáde. Ẹ fi owó díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ yan síìtì, ó dáa fún orúnkún, ẹ sì wo nọ́ńbà kóòṣì yín kí ọkọ̀ tó dé, torí a pín pèpéle ibùdókọ̀ sí A, B, C lọ bẹ́ẹ̀, pátákó á sì sọ ibi tí kóòṣì yín máa dúró sí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró, kẹ́ ẹ má lọ máa fa àpótí sáré láti ìrù ọkọ̀ dé orí ẹ̀.

Wàyí o, rélùwéè pupa. Orí ojúrin kan náà ni oríṣi ọkọ̀ méjì ń gbà. Ọ̀kan ni Bernina Express, onígíláàsì gbàgàdà tó ga dé òrùlé, òun ni màmá rí lórí fóònù. Òun ní dandan kẹ́ ẹ yan síìtì, ẹ máa san owó ìyẹn lọ́tọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lóṣù kẹfà sì rèé ó máa ń kún fọ́fọ́. Èkejì ni ọkọ̀ ojoojúmọ́ táwọn ará ìlú ń wọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí-wákàtí ló ń lọ, kò nílò síìtì yíyàn, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni, tẹ́ ẹ lè rà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Òkè kan náà, afárá kan náà, adágún kan náà. Èyí tí mo máa yàn fún yín ni ti ojoojúmọ́ yìí, kì í dẹ̀ ṣe tìtorí owó nìkan. Ẹni tí ò tíì mọ ọjọ́ tí físà ẹ̀ máa jáde ò lè lọ máa ra síìtì oṣù kẹfà láti oṣù kejì. Nínú àwọn kóòṣì kan wíńdò ṣeé ṣí, fọ́tò á mọ́ dáadáa, kò ní máa gbé àwòrán ara yín padà bíi ti gíláàsì ńlá yẹn. Ohun tó sì dùn jù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì Swítsàlandì láti Chur dé Tirano, ìlú Ítálì tí rélùwéè pupa yẹn parí sí, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní St. Moritz tàbí ní àdúgbò ẹ̀. Bí màmá bá fárí gá pé onígíláàsì ni dandan, ó dáa, ẹ rà á, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ ṣáà ti gbọ́ tèmi.

Láti Chur lọ ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Thusis ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé Filisur ẹ máa gba orí afárá Landwasser, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ ní 1902, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 65, ó sì tẹ̀ kọdọrọ, torí ẹ̀ lẹ fi máa rí orí ọkọ̀ yín látinú kóòṣì ẹ̀yìn tó ń wọnú ihò lára àpáta, afárá yẹn ò parí sórí ilẹ̀, inú àpáta gan-an ló parí sí. Ẹ ti fóònù bọ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, torí kíá ló máa kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bergün, níbi tí ọkọ̀ ti ní láti gòkè tó mítà 400 kó tó dé Preda. Àwọn tó la ọ̀nà yẹn ò lo irin eléyín tó ń fa ọkọ̀ sókè, wọ́n kàn jẹ́ kí ojúrin máa yí po nínú òkè ni, ó ń wọ ihò, ó ń jáde sódì kejì, ẹ máa rí ilé ìjọsìn Bergün lápá kan, ẹ tún máa rí i lápá kejì nísàlẹ̀, ó ti kéré sí i. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè rí mọ bí ọ̀nà ṣe ń yí mọ́ ara ẹ̀, àmọ́ tiwọn, inú àpáta ló ti ń yí.

Ibi tó ga jù ni Ospizio Bernina, mítà 2,253. Yìnyín lè ṣì wà níbẹ̀ lóṣù kẹfà, kí màmá má fi súwẹ́tà sísàlẹ̀ àpótí, kó wà lókè. Adágún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lago Bianco, omi ẹ̀ funfun bíi pé wọ́n da omi ògì sí i, nítorí ìyẹ̀fun òkúta tí yìnyín àtayébáyé ń lọ̀ wá látorí òkè. Omi tó bá ṣàn sápá ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ń lọ sínú Òkun Dúdú, èyí tó bá ṣàn sápá ibi tẹ́ ẹ ń lọ ń lọ sínú òkun Adriatic ní Ítálì, ààrin wọn ò jìnnà rárá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Alp Grüm tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ sọ̀ sí, ilé oúnjẹ wà níbùdókọ̀ yẹn gan-an, kò sí ìrìn púpọ̀ fún orúnkún, ẹ máa rí àfonífojì tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí níwájú yín. Oúnjẹ wọ́n o. Ẹ ra búrẹ́dì àti omi ní ṣọ́ọ̀bù Coop tàbí Migros ní Chur lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Láti òkè yẹn dé Tirano ẹ máa sọ̀ ju 1,800 mítà lọ láàárín wákàtí méjì tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, etí á máa dí, ẹ máa jẹ nǹkan lẹ́nu. Ní Brusio ojúrin yẹn ṣe róbótó lórí afárá ní gbangba, ọkọ̀ á yípo tán á gba abẹ́ ara ẹ̀ kọjá. Lẹ́nu wíwọ Tirano, òpópónà ìlú gan-an ló ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Madonna. UNESCO ti fi ọ̀nà yìí, láti Thusis dé Tirano, sínú ohun àjogúnbá ayé láti 2008.

Ní Tirano ẹ ti wọ Ítálì. Ibùdókọ̀ ti Swítsàlandì àti ti Ítálì kọjú síra ni, ìrìn ìṣẹ́jú méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì dé Milano Centrale, ibùdókọ̀ ńlá Milan, ò wọ́n, iye kan náà ni lónìí àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má dààmú láti rà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti bébà ẹ gbọ́dọ̀ tì í bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà níbẹ̀ kó tẹ déètì sí i kẹ́ ẹ tó wọlé, bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á bu owó lé yín, kò sí pé ẹ jẹ́ àlejò. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ọ̀tún náà ni kẹ́ ẹ jókòó sí, adágún Como máa bá yín lọ láti Colico títí dé Lecco. Ní Centrale, ẹnikẹ́ni tó bá sáré wá pé òun fẹ́ bá yín gbé àpótí tàbí bá yín tẹ ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé rárá, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Kí àbúrò wá dúró dè yín lórí pèpéle.

Físà ò le láti ṣàlàyé. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kan ṣoṣo ló kó orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Swítsàlandì ò sí nínú European Union ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen. Nítorí pé Jámánì lẹ máa pẹ́ sí jù, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì lẹ máa gbà á. 90 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán tó kó gbogbo ilẹ̀ Schengen. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíá, torí ọjọ́ ìpàdé gan-an ló máa ń ṣòroó rí. Nínú ìwé ètò ìrìn àjò ẹ kọ Chur sí i pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ẹ má fi pa mọ́ pé ẹ máa kọjá. Ọlọ́pàá máa ń wọ ọkọ̀ yẹ ìwé wò lẹ́nu ààlà, pásípọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ara yín ni kó wà.

Wọ́n lè sọ fún yín pé ẹ ra páàsì Eurail, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí èèyàn fi ń wọ rélùwéè káàkiri Yúróòpù. Ó dáa fún ẹni tó máa wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, fún ìrìn ọjọ́ méjì owó á ṣòfò. Fràǹkì ni wọ́n ń ná ní Swítsàlandì, ẹ má gbé yúrò nìkan lọ, káàdì tí ọmọ yín ní á ṣiṣẹ́ ju ti báǹkì wa lọ.

Ó ku tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ wọlé sí Frankfurt, kẹ́ ẹ sì gbéra padà wálé láti Milan, ó lè má fi nǹkan púpọ̀ ju àlọ-àbọ̀ Frankfurt lọ. Bẹ́ ẹ bá ti ra àlọ-àbọ̀ Frankfurt tẹ́lẹ̀, ẹ má tún gba Tirano padà, ẹ gba Milan sí Zürich nínú ihò Gotthard, èyí tí wọ́n ṣí ní 2016, ó gùn tó kìlómítà 57, bíi wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ẹ ti dé Zürich. Màmá ò ní rí nǹkan kan nínú ibẹ̀, òkùnkùn ni, wọ́n lè fi sùn.